Oṣù Tí A Kì Í Kà Sókè

Mẹ́jọ ni. Kì í ṣe mẹ́fà. Oṣù mẹ́jọ ni oyún inú ìyàwó àbúrò ọkọ mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí dókítà bi í léèrè lójú gbogbo ènìyàn, tí òun fúnra rẹ̀ sì dáhùn pé mẹ́fà ni. Ìyá ọkọ wa, tó jókòó sí ọ̀tún rẹ̀, mọ̀ pé mẹ́jọ ni. Èmi tí mo jókòó sí òsì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó fẹ́ kí iye náà jáde, ṣùgbọ́n ìdí tí èmi fi dákẹ́ yàtọ̀ sí tiwọn, nítorí ìdí yẹn ni mo sì ṣe jókòó kọ èyí.

Kí ẹni tí kò mọ ilẹ̀ wa má baà pè wá ní òpùrọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní abúlé ọkọ mi, ní apá Kiri, a kì í ka oṣù oyún sókè. Ojú ni ó ń rí oyún, ẹnu kì í sọ ọ́. Bí ó bá di dandan kí a dárúkọ iye kan, a ó yọ méjì kúrò nínú rẹ̀. Àwọn Kristẹni ń yọ ọ́, àwọn Mùsùlùmí ń yọ ọ́, ìyàwó olùkọ́ ìjọ náà sì yọ tirẹ̀. Àwọn àgbà ní oṣù tí a bá kà sókè, etí tó ń jowú yóò gbọ́, yóò sì mọ ọjọ́ tí òun yóò ba dè é. Nígbà tí ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi ṣì ń dán, mo sì fi í rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí etí tó ń jowú náà yóò jẹ́ tèmi.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ẹ̀rọ náà dé. Dígí pẹlẹbẹ kan ni, kò tóbi ju síléètì ọmọ iléèwé lọ. Àwọn tó mú un wá gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní abúlé wa, wọ́n to sólà sórí páànù, wọ́n sì sọ fún wa pé ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, dókítà tó jókòó sí ìlú ńlá yóò máa yọjú nínú rẹ̀ láti bá àwọn aboyún sọ̀rọ̀. Dókítà inú dígí ni àwọn ará abúlé sọ ọ́. Kí ó tó dé, aboyún tó bá fẹ́ fi ojú kan dókítà ní láti gun ọ̀kadà dé Kàbà, lórí ọ̀nà tí àgbàrá ti gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Púpọ̀ nínú wọn kì í lọ.

Kò sí ẹni tó yẹ kí ó yọ̀ sí ẹ̀rọ yẹn jù mí lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń kọ̀wé sí àwọn ìwé ìròyìn, tí mo ń bú àwọn aláṣẹ, tí mo ń bèèrè ìdí tí ohùn olóṣèlú fi lè dé oko lórí fóònù, tí ohùn dókítà kò lè dé ibẹ̀. Orúkọ burúkú ni wọ́n fi ń pè mí nínú ọ́fíìsì wọn. Ìgbà tí ohun tí mo ń jà fún wá dé tán, ẹlòmíràn ló jókòó níwájú rẹ̀.

Ọdún kọkànlá rèé tí èmi náà gbé oyún wá sí agboolé yìí. Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Nígbà tí ìrora mú mi, ẹ̀yìn ọkọ̀ tó kó iṣu lọ sí Kàbà ni wọ́n gbé mi sí, láàárín iṣu, mo sì bí ọmọ náà kí a tó dé afárá. Kò sunkún. N kò sì bí òmíràn mọ́. Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ nípa rẹ̀ nìyẹn, ẹ má ṣe kí mi kú ìrọ́jú.

Ní ọlidé gígùn ọdún tí mò ń sọ yìí, mo kúrò ní Kàbà níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, mo lọ lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní agboolé. Bí mo ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni ìyá ọkọ mi ti fi ìkíni ilẹ̀ wọn kí mi, tí ó sì fún mi níṣẹ́.

"Òkun o, ìyàwó tíṣà. Ìwọ ni yóò máa tẹ̀lé ìyàwó lọ sọ́dọ̀ dókítà inú dígí. Àwọn ìwé kan wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ káàdì rẹ̀, kò sí ẹni tó lè kà wọ́n."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di akàwé fún oyún ẹlòmíràn.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kún lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Àwọn aboyún jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọkùnrin tó wá gba oògùn ibà dúró sí, ọdẹ kan tí àdá ṣá lẹ́sẹ̀ wà láàárín wọn, àti bàbá arúgbó kan tí ẹ̀yìn ń dùn. Alábòójútó ilé ìwòsàn, obìnrin ará Ìjùmú kan tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, tẹ ẹ̀rọ náà, ojú dókítà sì yọ. Ọmọbìnrin ni, kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ohùn rẹ̀ ti inú gbohùngbohùn jáde débi pé ọkùnrin tó ń la igi lódìkejì ọ̀nà dá àáké rẹ̀ dúró.

"Ìyàwó, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ṣé ẹ ń sùn dáadáa?"

"Mò ń sùn, Dókítà."

"Ṣé ẹnìkan ń bá yín gbé ohun tó bá wúwo?"

Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ọkọ mi kì í jẹ́ kí n gbé korobá."

Ìbéèrè kejì yẹn ló wọ̀ mí lára. Nígbà tèmi, mo pọn omi títí di ọjọ́ tí mo wọ inú ọkọ̀ iṣu.

"Dókítà, èmi ò sùn o!" bàbá ẹlẹ́yìn dídùn pariwo láti ẹ̀yìn. "Ẹ̀yìn yìí ò jẹ́ kí n sùn láti ìgbà tí a ti kọ ebè."

"Bàbá, ẹ ní sùúrù. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ìyàwó yìí tán."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ní sùúrù. Tó bá jẹ́ ti ikùn ni, ẹ wo tèmi náà, ó ṣe gbẹ̀ǹdù!" Ó na àyà sẹ́yìn, ó lu ikùn rẹ̀ pẹ́pẹ́, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín nínú dígí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹjú mọ́ ìwé, ó sì bèèrè ohun tí ó yẹ kí dókítà bèèrè:

"Oyún yín ti pé oṣù mélòó báyìí?"

Ẹ̀rín dá. Àwọn ọkùnrin gbójú sókè, wọ́n ń wo páànù. Mo rí ìka ìyá ọkọ mi tó rọra kan itan ọmọ náà.

"Mẹ́fà," ni ọmọ náà wí.

"Mẹ́fà ni, ọmọ mi," ni ìyá ọkọ mi fi gbè é. "Kò tiẹ̀ tíì pé tán."

"Ó dáa. Àwọn tó bá ti pé oṣù mẹ́jọ ni à ń bá sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn náà ni orúkọ wọn ń lọ sọ́dọ̀ awakọ̀ ní Kàbà, kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn lè tètè gbéra bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin, ó di oṣù tó ń bọ̀ ká tó tún sọ̀rọ̀."

Mo la ẹnu. Mo mọ̀ pé mẹ́jọ ni, nítorí mo wà ní abúlé nígbà ìkórè kajú, mo sì rí i tó ń bì lẹ́yìn ilé ní àárọ̀ mẹ́ta léraléra. Mo la ẹnu, mo sì pa á dé. Mo sọ fún ara mi pé àṣà agboolé ni, pé kì í ṣe èmi ni yóò kọ́kọ́ fọ́ ọ. Irọ́ ni. Ohun tó wà nínú mi kò ní àṣà kankan nínú. Ohun tó wà nínú mi ni pé: jẹ́ kí òun náà lọ láìsí ọkọ̀, kí ó mọ bí ó ṣe ń rí. Èrò náà kò pẹ́ ju bí a ti í ṣẹ́jú lọ. Ṣùgbọ́n ó wá, mo sì mọ ojú rẹ̀.

Nígbà tí a ń padà sílé, ìyá ọkọ mi yin ìyàwó rẹ̀ pé ó dáhùn bí àgbà. Ó yíjú sí èmi náà. "O ṣeun, ìyàwó tíṣà. Ẹ̀rù bà mí pé wàá ti ìwé bọ̀ ọ́."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò rọrùn fún mi. Àbúrò ọkọ mi kó òkúta wẹ́wẹ́, ó tẹ́ ẹ láti ẹnu ilẹ̀kùn wọn dé títì kí ẹsẹ̀ aya rẹ̀ má baà yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Ìyá ọkọ mi ń ya ẹran fún un nínú ọbẹ̀ kí ó tó bu ti ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà kò gbéraga, ì bá rọrùn bí ó bá gbéraga. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi ní òwúrọ̀, ó ń pè mí ní ìyálé mi, ó ń fi ohùn dókítà dápàárá: "Ìyálé mi, ṣé ẹ ń sùn dáadáa?" Yóò wá rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà yóò rẹ́rìn-ín, eyín mi á máa dùn mí.

Ní ọ̀sán kan ó gbé káàdì rẹ̀ wá pé kí n kà á fún òun. Mo rí i níbẹ̀, tí wọ́n fi bírò kọ ọ́: oṣù mẹ́fà. Iṣẹ́ mi ni láti máa fi bírò pupa ṣe àtúnṣe sí iye tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ṣì kọ. Bírò pupa wà nínú báàgì mi. Mo ka gbogbo ohun tó wà nínú káàdì náà fún un, ohùn mi dán mọ́rán, mo sì dá a padà fún un bí ó ti rí.

Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ní Ọjọ́bọ̀. Oòrùn ti wà lágbede méjì ọ̀run. A jọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, a ń bó ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe gàrí. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyálé mi, orí ń fọ́ mi. Láti àná ni."

"Àná? O ò sì sọ?"

"Mo rò pé oòrùn ni. Ṣùgbọ́n iná wẹ́wẹ́ ń fò níwájú ojú mi báyìí."

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ náà, ojú ìka mi sì dúró síbẹ̀ bí ìgbà tí a tẹ ẹ̀bà tó tutù. N kò ní ìmọ̀ ìṣègùn, ṣùgbọ́n mo ti kọ̀wé tó nípa ikú àwọn obìnrin láti mọ ohun tí mò ń wò. Mo pe ìyá ọkọ mi. A dì í lápá méjèèjì, a rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ tí ọkọ rẹ̀ tẹ́, a mú un dé ilé ìwòsàn.

Alábòójútó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó lọ tẹ ẹ̀rọ náà ní tààrà, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nẹ́tíwọ́kì já, ó tún já, lẹ́ẹ̀kẹta ojú dókítà yọ, ohùn rẹ̀ sì tún gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Àwọn ọkùnrin wà níbẹ̀, bàbá ẹlẹ́yìn dídùn náà wà níbẹ̀. Alábòójútó ka ohun tó rí fún un, dókítà sì sún mọ́ dígí.

"Ìyàwó, mélòó ni oyún yìí dé báyìí? Nínú ìwé mi, kò tíì pé méje."

Orí ń fọ́ ọmọ náà débi pé kò lè la ojú dáadáa, síbẹ̀ ó dáhùn. "Kò tíì pé."

"Á jẹ́ pé orúkọ yín kò tíì sí lọ́dọ̀ awakọ̀. N ó kọ́kọ́ tọrọ àṣẹ kí ọkọ̀ tó lè gbéra. Ó sì ṣòro, nítorí bí ọmọ kò bá tíì pé méje, mo ní láti ronú dáadáa kí n tó ní kí wọ́n gbé e jáde."

Mo gbọ́ ohùn ara mi kí n tó mọ̀ pé mo ti sọ̀rọ̀.

"Mẹ́jọ ti kọjá. Ó ti wọ ìkẹsàn-án."

"Ye!" Ìyá ọkọ mi káwọ́ lérí. "Ìyàwó tíṣà! Lójú ọ̀nà gbangba!"

"Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn?" ni dókítà bèèrè.

"Ìyálé rẹ̀ ni."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó ti dá mi lójú láti ìgbà kajú."

"Mo gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó, ṣé òótọ́ ni?"

Ó la ojú. Ó wo àwọn ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn wa, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó tún pa ojú dé. Kò dáhùn. Dókítà tún bèèrè. Kò dáhùn. Bí ikú bá dúró níwájú rẹ̀ nígbà yẹn, mo gbàgbọ́ pé kò ní lè sọ ọ́, nítorí gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni wọ́n ti fi kọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ikú ń dúró dè.

Bàbá ẹlẹ́yìn dídùn ló gba ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti orókún, ó dìde, ó ké "Yéè!" nítorí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì kọjú sí àwọn ọkùnrin.

"Ẹ̀yin ọkùnrin, kí lẹ ń fi etí ṣe níbí? Ó yá, ẹ bọ́ sóòrùn! Ìwọ ọdẹ, ẹsẹ̀ lo fi ṣèṣe, kì í ṣe etí. Ẹ máa lọ!" Ó fi ọ̀pá lé wọn bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu. Nígbà tí òun náà dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó bojú wẹ̀yìn. "Dókítà, a ti lọ. Ẹ bi í."

Ọmọ náà sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sétí dígí náà. "Òótọ́ ni ìyálé mi sọ."

Láti ìgbà yẹn, gbogbo nǹkan yára. Dókítà sọ abẹ́rẹ́ tí alábòójútó yóò fún un kí gìrì má baà gbé e. Ó ní bí ó bá jẹ́ ìkẹsàn-án ni, ọmọ náà gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Ó fi orúkọ rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ awakọ̀ níṣojú wa, ọkọ̀ sì ti kúrò ní Kàbà kí ìyá ọkọ mi tó di aṣọ tán. Bẹ́ẹ̀dì onífóòmù wà nínú ọkọ̀ náà, ó ní ibi tí a lè gbé orí lé. Mo jókòó ti ẹsẹ̀ ìyàwó náà, mo sì jowú bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí a gun afárá, iwájú ni mo ń wò.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí oòrùn tó wọ̀. Ọmọbìnrin ni ó bí. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ọmọ náà ké, mo sì jowú ẹkún náà ju gbogbo ohun tí mo ti jowú láyé mi lọ.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó ku èmi àti òun nínú yàrá. Ó ń fún ọmọ lọ́mú.

"Ìyálé mi, ẹ ní láti ìgbà kajú lẹ ti mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ tí mo sọ pé mẹ́fà."

"Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ kò sọ nǹkan kan. Ṣé torí Ìyá ni?"

Mo lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. "Rárá," ni mo wí. "Ìlara ni. Mo jowú rẹ."

Ọmọ náà fi ọmú sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ nù ún lẹ́nu, ó sì nà án sí mi. "Ẹ bá mi gbé e. Apá ń ro mí." N kò mọ̀ títí di òní bóyá ìdáríjì nìyẹn tàbí pé apá ń ro ó lóòótọ́. Mo gbé e. Ó wúwo ju bí mo ti rò lọ.

Mo ti ka ẹ̀ṣẹ̀ tèmi tán. Ó wá ku tiyín, ẹ̀yin tí ẹ ṣètò ẹ̀rọ náà. Ẹ wá sí abúlé wa lẹ́yìn ìkómọ, ẹ ya fọ́tò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ní ètò yín ti gba ẹ̀mí méjì là. Nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín, ọ̀kan nínú yín sọ pé kí n má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́fà yẹn dé etí ìta, kí n lọ la àwọn obìnrin wa lọ́yẹ̀. Kí n là wọ́n lọ́yẹ̀ lórí kí ni? Pé kò sí ẹni tó ń jowú? Èmi tí mo lọ yunifásítì ni etí tí wọ́n ń sá fún. Wọn kò ṣìṣe nípa ìlara. Ibi tí wọ́n ti ṣìṣe ni pé wọn kò mọ̀ pé irọ́ tí wọ́n fi ń sá fún mi lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ̀yin kò sì sọ fún wọn. Yàrá méjì ló ṣófo nínú ilé ìwòsàn yẹn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ gbé ẹ̀rọ kọ́ sí nítorí pé ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti dára fún fọ́tò.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bèèrè rèé, n kò sì ní fi ẹ̀bẹ̀ bò ó. Ẹ gbé dígí yẹn wọ inú yàrá. Ẹ kan ilẹ̀kùn sí i; mo ní ilẹ̀kùn, n kò sọ pé aṣọ ìkélé. Ẹ fi okùn àfisétí sí i, kí ohùn dókítà dé etí ẹyọ kan péré. Ẹ yọ òfin tó so ọkọ̀ mọ́ iye oṣù, kí ọkọ̀ gbéra fún obìnrin nítorí pé ó ń ṣàìsàn. Bàbá kan tí kò lè na ẹ̀yìn dáadáa fi ọ̀pá àti ẹnu lásán ṣe ilẹ̀kùn fún wa ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní káfíńtà, ẹ wá kan tiyín. Obìnrin mìíràn yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, yóò yọ méjì, ẹni tó bá sì jókòó tì í lè má la ẹnu.